Ọjọ́ Kan Lórí Kẹ̀kẹ́, Láti Ẹ̀yìn Ọ̀wọ́

Gbogbo ìrìn àjò kẹ̀kẹ́ ọlọ́jọ́ púpọ̀ tí mo bá bá wọn lọ, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n máa ń fi mí sí. Kì í ṣe pé n kò lè sáré o. Ẹnì kan ní láti wà lẹ́yìn tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ́ kù sójú ọ̀nà, ẹni tó ní póǹpù, tó ní túùbù, tó sì ní sùúrù. Mo ní póǹpù, mo ní túùbù. Sùúrù ni mo ṣì ń kọ́. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn èèyàn mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá ni mò ń wò. Mo ti rí i pé ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bàjẹ́, agbára ẹ̀ sábà máa ń tó. Nǹkan kékeré kan tó ṣe ní aago méje àárọ̀ ló máa ń wá bá a ní aago mẹ́ta ọ̀sán.

Ẹni tó fẹ́ lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ ni mò ń kọ èyí fún. Ká sọ pé kìlómítà 100 lẹ ó rìn lónìí, ẹ ó sùn, ẹ ó sì tún gbéra láàárọ̀ ọ̀la. Ọ̀la yẹn ló yí gbogbo nǹkan padà. Eré ọjọ́ kan, èèyàn lè fi gbogbo ara sá a, kó lọ dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́fà ni, gbèsè tẹ́ ẹ bá jẹ ara yín lónìí, ọ̀la lẹ ó san án, tèlé-tèlé.

Alẹ́ tó ṣáájú ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ pọn omi kún ìgò méjèèjì, ẹ to aṣọ àárọ̀ jọ bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ léra wọn wọ ara, kẹ́ ẹ sì wo ìwé ọ̀nà tí olórí ọ̀wọ́ pín. Ohun mẹ́ta péré ni kẹ́ ẹ há sórí nínú rẹ̀: ibi tí òkè tó ga jù wà, ibi tí a ó ti rí omi, àti ibi tí a ó ti jẹun ọ̀sán. Ìyókù, fóònù tàbí ẹni iwájú á sọ fún yín.

Láàárọ̀, ẹ yẹ táyà wò, ẹ yẹ bíréèkì wò, ẹ yẹ ṣéènì wò. Ẹ lè fi àtàǹpàkò tẹ táyà, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò máa ń purọ́. Póǹpù tó ní gééjì ló mọ òótọ́. Iye atẹ́gùn tí táyà lè gbà wà lára rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ẹ má kọjá a. Ní ti bíréèkì, ẹ fún ti iwájú mọ́wọ́ kẹ́ ẹ ti kẹ̀kẹ́ síwájú. Táyà iwájú ò gbọdọ̀ yí, ìdí kẹ̀kẹ́ a sì fẹ́ dìde nílẹ̀. Ẹ ṣe ti ẹ̀yìn náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ fọwọ́ yí pẹ́dà sẹ́yìn kẹ́ ẹ tẹ́tí: ṣéènì tó ń ké bí ọmọ ẹyẹ, epo ló ń tọrọ. Paríparí rẹ̀, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sókè níwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, kẹ́ ẹ jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Ohun tó bá dún woroworo, ẹ wá a rí kẹ́ ẹ tó lọ. Ìṣẹ́jú méjì ni gbogbo ẹ̀. Mo ti rí ẹni tí kò ráyè ìṣẹ́jú méjì yìí, tí ìjókòó rẹ̀ yí bìrí lábẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń gun òkè.

Ọ̀rọ̀ aṣọ, ẹyọ kan ni mo fẹ́ sọ níbẹ̀. Ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ tí wọ́n rán tìmùtìmù sí nídìí, a kì í wọ pátá sábẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ojú á kọ́kọ́ tini. Ṣùgbọ́n ojú ìránpọ̀ pátá yẹn, lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, bí ọ̀bẹ ló máa ń rí. Ẹ fi ìpara pa ibi tí ara ti ń fara kan ara, kẹ́ ẹ sì gbé ìtìjú tì.

Ẹrù ńlá, ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé ọ̀wọ́ ló sábà máa ń gbé e. Lára kẹ̀kẹ́ yín, túùbù méjì, ohun tí a fi ń lẹ túùbù, irin méjì tí a fi ń ṣí táyà, póǹpù, sípánà kékeré tó lẹ́nu oríṣiríṣi, aṣọ òjò, owó díẹ̀, ìwé ìdánimọ̀ àti oògùn tí dókítà kọ fún yín. Thomas Stevens tó fi kẹ̀kẹ́ onítáyà gogoro yí ayé po láàárín 1884 sí 1886, ìbọ̀sẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì kan, aṣọ òjò tó tún ń fi ṣe àgọ́ àti ìbọn kékeré ló dì. Nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ gbé bàtà mẹ́ta dání, ìtàn rẹ̀ ni mo máa ń sọ fún un.

Ó wá di àti gbéra. Wákàtí àkọ́kọ́ ni mo máa ń bẹ̀rù jù. Ojú ọjọ́ tutù, ẹsẹ̀ fúyẹ́, gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Àbúrò kan wà nínú ọ̀wọ́ wa nígbà kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó tẹ̀ lé àwọn méjì kan tí eré wà lẹ́sẹ̀ wọn. Kí a tó rin kìlómítà 30, a ò rí i mọ́. Ní kìlómítà 85, èmi ni mo bá a: ó jókòó sábẹ́ igi, akoto rẹ̀ wà lórí itan, ó ní òun ń wo ẹyẹ. N kò bá a jiyàn. Mo jókòó tì í, a jọ wo ẹyẹ náà fún ogún ìṣẹ́jú, mo fún un ní búrẹ́dì àti omi oníyọ̀ díẹ̀, nígbà tó yá ó ní ẹyẹ ti lọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá eré yín ti pọ̀ jù rèé: ẹ bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sọ gbólóhùn gígùn kan. Bó bá jáde tán láì já lẹ́nu, ó dáa. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ méjì-méjì lẹ ń já jáde bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ǹtì, ẹ fà á sílẹ̀. Gíà tó fúyẹ́, tí ẹsẹ̀ ń yí ní bí ìgbà 80 sí 90 ní ìṣẹ́jú kan, ló ń dá orúnkún sí. Gíà líle ń dùn mọ́ ọ̀dọ́ nínú títí di ọjọ́ kẹta.

Ibi tí mo fẹ́ pẹ́ sí nìyí: bí a ṣe ń rìn pọ̀. Yorùbá ní ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ẹni tó pa òwe yẹn kò gun kẹ̀kẹ́ nínú ọ̀wọ́ rí. Bí ará iwájú bá jìn sí kòtò lórí kẹ̀kẹ́, inú kòtò náà ni ará ẹ̀yìn yóò bá a, kó tó kan ọgbọ́n.

Kí ló dé tí a fi ń sún mọ́ra wọn nígbà náà? Atẹ́gùn ni. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, atẹ́gùn ni ẹrù tó wúwo jù tí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ń tì. Ẹni tó bá sá sẹ́yìn ẹlòmíì, iṣẹ́ rẹ̀ lè fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àyè gígùn kẹ̀kẹ́ kan sílẹ̀ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Tí ojú bá ti mọ ara wọn, ẹ lè sún mọ́ ọn sí i. Ṣùgbọ́n táyà iwájú yín kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn ẹni tó ṣáájú yín láé. Bó bá yà díẹ̀ tí táyà méjèèjì gbára, òun á máa bá tirẹ̀ lọ, ẹ̀yin lẹ máa ṣubú. Ẹ má sì tẹjú mọ́ táyà rẹ̀. Èjìká rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò kọjá, kẹ́ ẹ lè rí ohun tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń rí láti ẹ̀yìn. Ẹni iwájú rí ewé gbígbẹ kan, ó fi ìka kan kan bíréèkì. Ẹni kẹta di tirẹ̀ mú gírí. Ẹni keje pariwo. Kó tó dé ọ̀dọ̀ tèmi, mo ti fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀. Nígbà náà ni ẹni iwájú rí i pé ewé lásán ni, ó bá tirẹ̀ lọ, gbogbo ọ̀wọ́ nà gbọọrọ bí rọ́bà, èmi sì ní láti sáré bí ẹni tí wọ́n lé kí n tó bá wọn. Tó bá ṣẹlẹ̀ nígbà ogún lójúmọ́, iṣẹ́ ọjọ́ kejì ni mo ti ń ṣe yẹn. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá wà níwájú tẹ́ ẹ sì fẹ́ dín eré kù, ẹ kọ́kọ́ dá ẹsẹ̀ dúró lórí pẹ́dà, ẹ na àyà sókè kí atẹ́gùn bá yín dá kẹ̀kẹ́ dúró. Bíréèkì ló kẹ́yìn.

Bákan náà, bẹ́ ẹ bá fẹ́ dìde dúró lórí pẹ́dà láti gun òkè, kẹ̀kẹ́ yín máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀ ní kété tí ìdí bá kúrò ní ìjókòó. Ẹ̀yin ò ní mọ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn yín ló máa mọ̀. Ẹ ní "Mo ń dìde o," kẹ́ ẹ tẹ pẹ́dà le díẹ̀ bẹ́ ẹ ti ń dìde.

Ariwo náà ní bó ṣe ń lọ. "Kòtò!" ká sì nawọ́ sí i. "Ọkọ̀ lẹ́yìn!" "A ń dúró o!" Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé ẹni tó bá gbọ́ gbọdọ̀ tún un pè fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àárín ọ̀wọ́ ni ohùn máa ń kú sí. Ẹ má sì máa pe gbogbo òkúta wẹ́wẹ́ ní kòtò, torí ìgbà tí kòtò gidi bá dé, kò sẹ́ni tó máa dá yín lóhùn.

Nígbà tó bá kàn yín láti wà níwájú gba atẹ́gùn, àṣìṣe tí gbogbo èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á fi kún eré, àfi bí ẹni tí wọ́n ní kó wá jó lójú agbo. Eré tẹ́ ẹ bá níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa sá. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún tó. Ẹni tí ara rẹ̀ ò le lónìí lè lo ààbọ̀ ìṣẹ́jú kó kúrò, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ wẹ̀yìn, ẹ fọwọ́ júwe, ẹ yà sí apá tí ọ̀wọ́ ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí láàárọ̀, ẹ dín ẹsẹ̀ kù díẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá, kẹ́ ẹ wọlé sẹ́yìn. Ẹ má ṣe dẹwọ́ jù, kẹ́ ẹ má baà já sílẹ̀ níbi tẹ́ ẹ ti ń wá ìsinmi.

Oúnjẹ. Kébi tó pa yín ni kẹ́ ẹ jẹ, kóǹgbẹ tó gbẹ yín ni kẹ́ ẹ mu, torí tí ebi bá ti dé lórí kẹ̀kẹ́, oúnjẹ tẹ́ ẹ bá jẹ nígbà náà máa ń pẹ́ kó tó débi tó ń lọ. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ oúnjẹ afáralókun, irú èyí tó wà nínú búrẹ́dì àti èso dídùn, tó tó gíráàmù 30 sí 60. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ńlá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30. Omi, ìlàjì lítà sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà ní wákàtí kan, kó pọ̀ sí i tí oòrùn bá mú, kí iyọ̀ sì wà nínú ìgò kan. Omi lásán tó pọ̀ lápọ̀jù ń ṣan iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, ewu ńlá ni. Fóònù mi máa ń dún ní ogún-ogún ìṣẹ́jú. Tó bá ti dún, ebi ń pa mí o, kò pa mí o, mo máa fi nǹkan sẹ́nu. Ẹni tó ń ṣàwàdà láàárọ̀ tó wá dákẹ́ lójijì, tó ń bú atẹ́gùn, ẹ má bá a jà. Ẹ fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Táyà á jo. Láti 1888 tí John Boyd Dunlop ti gba ìwé àṣẹ fún táyà alátẹ́gùn tirẹ̀ la ti ń gbádùn ìrọ̀rùn ìdí, láti ìgbà náà la sì ti ń wá ihò. Lọ́jọ́ kan, táyà ẹ̀yìn mi jo lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí méjì, èmi tí mò ń tún ti gbogbo ayé ṣe! Mo pààrọ̀ túùbù, mo fẹ́ ẹ, a lọ. Kò pé kìlómítà mẹ́jọ, ìdí kẹ̀kẹ́ tún ń rọ̀ lábẹ́ mi. Mo pààrọ̀ ẹ̀ẹ̀kejì, mo bú ẹni tó ṣe túùbù. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ẹ̀gbọ́n obìnrin kan nínú ọ̀wọ́ sọ̀kalẹ̀, ó gba táyà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Àbúrò, túùbù lò ń wò. Táyà ni kóo wò." Ó ki ìka bọ inú táyà, ó ń mú un rìn yípo díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wá egungun lára ẹja. Ó dúró. Ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Okùn irin tín-ín-rín kan ni, kò gùn ju hóró ìrẹsì lọ, irú èyí tó máa ń já sílẹ̀ lára táyà ọkọ̀ ńlá tó bẹ́ lójú ọ̀nà. Láti òde, ẹ ò lè rí i. Láti inú, orí rẹ̀ yọ ṣónṣó bí eyín ọmọ tuntun. Ó fi pín-ìnnì tì í jáde. Túùbù náà kò jo mọ́ títí a fi délé.

Bó ṣe yẹ kí n ti ṣe é nìyí. Ẹ wọ́ kẹ̀kẹ́ kúrò lójú ọ̀nà pátápátá. Tó bá jẹ́ táyà ẹ̀yìn ni, ẹ kọ́kọ́ gbé ṣéènì sórí eyín tó kéré jù lẹ́yìn. Kẹ́ ẹ tó yọ túùbù, ẹ kíyè sí bó ṣe jókòó sínú táyà, kẹ́ ẹ lè bá ihò túùbù dé ojú ibi tó ti lu lára táyà. Ẹ fẹ́ túùbù, ẹ gbé e sún mọ́ ètè. Ètè máa ń gbọ́ atẹ́gùn tí etí ò gbọ́. Ihò náà fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ihò kan lápá òde, nǹkan ló gún un. Ihò lápá inú, níbi tó fara ti ríìmù, ẹ wo orí sípóòkù. Ihò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ojú ejò bù jẹ, atẹ́gùn ló kéré, ẹ sì fi táyà kọ lu etí kòtò. Ẹ fi ìka wá inú táyà yípo, jẹ́jẹ́, torí ìgò fífọ́ lè gé yín. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí túùbù tuntun kó lè yọ ara, kó má lọ́, kẹ́ ẹ tó fi sínú. Àtàǹpàkò ni kẹ́ ẹ fi ti etí táyà wọlé, ẹnu túùbù ni kẹ́ ẹ parí sí. Irin lè gé túùbù. Ẹ fẹ́ ẹ dé ìdajì, ẹ wò ó yí ká bóyá túùbù há síbì kan, kẹ́ ẹ tó fẹ́ ẹ kún.

Èèyàn méjì ló tó dúró ti ẹni tí táyà rẹ̀ jo. Kí àwọn yòókù máa rọra lọ. Mo ti rí táyà kan tí èèyàn mọ́kànlá ń fún nímọ̀ràn, tí kò sẹ́ni tó di póǹpù mú.

Lórí òkè, ẹ yí gíà kẹ́ ẹ tó dé ẹsẹ̀ òkè, torí ṣéènì tí ìnira ti wà lára rẹ̀ kì í fẹ́ ṣí. Kí kálukú gùn ún bí agbára rẹ̀ ṣe mọ, a ó dúró de ara wa lókè. Ẹ gbọ́ ẹjọ́ mi níbí yìí: àwọn tó kọ́kọ́ dókè á sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á jẹ, wọ́n á ya fọ́tò, bí ẹni ìkẹyìn bá ti yọ orí báyìí, wọ́n á ní "Ó yá!", wọ́n á gùn ún. Ẹni tó rẹ̀ jù ni kò sinmi rárá. Nínú ọ̀wọ́ tí mo bá wà báyìí, ìṣẹ́jú márùn-ún bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹni ìkẹyìn bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, mo sì máa ń wo aago lójú gbogbo wọn.

Tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, kálukú á jìnnà sí ara wọn. Kẹ́ ẹ tó wọ kọ́nà ni kẹ́ ẹ fi bíréèkì dín eré kù. Inú kọ́nà ti pẹ́ jù. Ibi tẹ́ ẹ bá ń wò ni kẹ̀kẹ́ máa lọ, nítorí náà ẹ má wo kòtò tẹ́ ẹ ń sá fún. Tí òjò bá rọ̀, ìlà funfun ojú ọ̀nà, irin tó bo ojú gọ́tà àti ewé tútù máa ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ojú irin rélùwéè, ẹ dá a kọjá ní ìbú gbọnrangandan, kó má baà gbé táyà mì.

Lẹ́yìn kìlómítà 70 ni ara máa ń bẹ̀rẹ̀ ìjà. Bí iwájú orúnkún bá ń dun yín, ìjókòó ti lè rẹlẹ̀ jù. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti lè ga jù. Ẹ sún un níwọ̀n díẹ̀, mílímítà mẹ́ta-mẹ́ta, kì í ṣe ìbú ìka mẹ́ta. Bí ọwọ́ bá kú, ẹ máa pààrọ̀ ibi tẹ́ ẹ ti di apá kẹ̀kẹ́ mú, ẹ má gbé gbogbo ara lé ọwọ́. Ní ti ìdí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n: ẹ máa dìde lórí pẹ́dà díẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá kí ẹ̀jẹ̀ lè rìn, kẹ́ ẹ má dúró dìgbà tó bá bó. Ẹni tí orí ń fọ́, tí òtútù ń mú nínú oòrùn, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá ara mu mọ́, inú ọkọ̀ ni ọjọ́ tirẹ̀ parí sí. Mi ò kí í bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn lórí èyí.

Bẹ́ ẹ bá ti dé, ẹ má tí ì dùbúlẹ̀, torí ẹ ò ní dìde mọ́. Ẹ jẹ nǹkan láàárín ààbọ̀ wákàtí. Ẹ bọ́ ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ wé e sínú tówẹ̀lì gbígbẹ kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó lè fa omi rẹ̀, kẹ́ ẹ wá yí inú rẹ̀ sóde sá a. Ẹ nu ṣéènì, ẹ kán epo sí i lálẹ́, kó lè ráyè wọ inú. Lówùúrọ̀, ẹ nu èyí tó bá ṣẹ́ kù lóde. Kẹ́ ẹ tún pọn omi sínú ìgò.

Kí n tó sùn, mo máa ń lọ síbi tí a to kẹ̀kẹ́ sí, mo máa ń kà wọ́n, mo sì máa ń tẹ táyà wọn wò níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti rọ̀, n kì í jí ẹni tó ni ín. Mo máa ń so àkísà pupa kan mọ́ apá kẹ̀kẹ́ náà, kó lè rí i láàárọ̀ kó tó wọ bàtà.